Ẹ̀yìn Aṣọ Tó Wà Lára Ògiri

Fọ́tò kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Ìyá Fọ́tò tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ẹ̀yìn ọmọbìnrin kan ni, tí pẹ́ẹ̀gì tò sí láti ọrùn dé ìdí.

Òkè òkun ló ti yà á, nígbà tó ṣì ń ya fọ́tò àwọn ọmọge tó ń wọ aṣọ láti fi polówó rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló mọ̀ pé bí aṣọ bá tóbi jù, pẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń há a lẹ́yìn, kí iwájú lè gún régé. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, lójú títì, nínú òtútù tó ń wọ eegun, ọ̀gá tó rán aṣọ tí ọmọbìnrin inú fọ́tò náà wọ̀ fajú ro. Ó ní, "Ara ọmọ yìí ló ń ba aṣọ mi jẹ́." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ to pẹ́ẹ̀gì! Omijé lé ròrò sójú ọmọ ọlọ́mọ.

Orí Ìyá Fọ́tò gbóná. "Ọmọ mi, kọ̀yìn sí mi." Ó yà á.

Ọ̀gá pariwo pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Fọ́tò nìyẹn.

"Kó bọ́! Mo ti yà á."

Lánàá, ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀ ẹ́. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ fọ́tò yìí. Kò dùn ún wò, ó ń lé oníbàárà."

Ìyá Fọ́tò ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára kámẹ́rà tó ń nù. "Jẹ́ kó máa lé wọn. Iwájú aṣọ yẹn wà nínú gbogbo ìwé ìpolówó àwọn tó rán an. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò níbòmíì tó máa gbé ju ọ̀dọ̀ mi lọ."