Ayò Inú Tẹlifíṣọ̀n

Lánàá, ariwo kan jáde láti inú fóònù ọmọ mi, ó ń han bí ìgbà tí a bá fi irin ha ìdí ìkòkò. Ọmọ náà ní àwọn kan wà lórí ayélujára tí wọ́n ń wá àwọn eré kọ̀ǹpútà tó ti sọnù, tí wọ́n sì ń tọ́jú wọn. Wọ́n ti rí eré ayò tí àbúrò bàbá mi ṣe, nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan; kásẹ́ẹ̀tì náà ló ń han bẹ́ẹ̀.

Ariwo náà dá mi padà sí pálọ̀ bàbá wa àgbà ní Bódìjà, nígbà tí mo wà ní kékeré. Eruku gbígbóná ń rùn lára tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò bàbá mi so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kásẹ́ẹ̀tì náà sì han títí kí ọpọ́n ayò tó yọ lójú rẹ̀.

Bàbá wa àgbà kọjú sí àbúrò bàbá mi, ọmọ wọn. "Ìwọ tí mo ní kí o kàwé lọ́yà! Bí ìranù yìí kò bá lè na ìyá rẹ láyò lónìí, o ó padà sídìí ìwé lọ́yà rẹ."

Ìyá wa àgbà rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ń na Ìyá láyò ní gbogbo àdúgbò. Ìyá ń dárúkọ ilé ayò tí wọn yóò ta, àbúrò bàbá mi sì ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn.

"Ọ̀pẹ̀ oníná! Ta á, kí n wò ọ́!" ni Ìyá ń wí fún ẹ̀rọ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ló borí. Bàbá sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ tún un ta." Mo bú sẹ́kún nítorí Ìyá, Ìyá fi etí ìró nu ojú mi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Lánàá, lórí fóònù ọmọ mi, èmi tí n kò mọ ayò bá eré náà ta á, mo sì nà án. Mo tún ta á, mo tún nà án.

"Mọ́mì, eré yìí kò mà mọ nǹkan kan!" ni ọmọ mi wí.

Ìgbà náà ni ó tó yé mi pé Ìyá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ wọn borí ni.