Àmì Kékeré Lórí Bébà Akunlé

Baba Kì-í-ṣì ni àwọn oníbàárà ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé tí ẹ bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀, ẹ lè pè é títí kó má dáhùn. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń gé awò ojú nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó dojú kọ títì. Bó bá ti fi àtàǹpàkò ra awò, á ti mọ irú ẹ̀: èyí tó nípọn láàárín ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, èyí tó fẹ́lẹ́ láàárín ń tú u ká díẹ̀.

Kò sí oníbàárà tí kì í là á yé. Á ní, "Ògiri kan wà lẹ́yìn ẹyinjú. Ara ògiri yẹn ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé. Tí ẹyinjú bá gùn jù, ìmọ́lẹ̀ á ti pàdé kó tó débẹ̀. Ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á wá máa ṣe bàìbàì, ti ìtòsí á mọ́ kedere. Awò tó fẹ́lẹ́ láàárín ló máa sún un dé ara ògiri." Irú awò yìí ni dókítà ojú ń kọ àmì àyọkúrò fún, àmì àròpọ̀ sì ni ti èyí tó nípọn láàárín. Tó bá kan àgbàlagbà, Baba á rẹ́rìn-ín. "Tiyín, ìyá mi, ọjọ́ orí ni. Awò tí wọ́n bí mọ́ yín nínú ẹyinjú ti gan, kò lè wú mọ́ láti wo ìwé."

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ fáyé gbọ́ rèé, kò sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń na bébà dókítà jìnnà sójú kó tó lè kà á. Lónìí, á ní gílóòbù ni ò mọ́lẹ̀ tó. Lọ́la, ọwọ́ ìkọ̀wé dókítà ló burú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń bá a de awò mọ́ férémù, bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣe tiyín. Ìṣẹ́jú mélòó ni?"

"Kí n wá gbé awò sójú níbí? Ta ló tún máa pè mí ní Kì-í-ṣì?"

Nígbà náà ni akunlé kan mú bébà tirẹ̀ wá. Ilé alájà mẹ́ta tó wà lódìkejì títì ló ń kùn, kò sì rí òkè ògiri dáadáa mọ́. Ó ti ká bébà náà sínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́, ọ̀dà ti ta sí i lára. Baba na bébà jìnnà, ó kà á, ó gé awò. Akunlé gbé e sójú, ó ṣẹ́jú.

"Bàbá, ó tún ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ojú rẹ ò tíì mọ̀ ọ́n ni. Fún un lọ́sẹ̀ méjì. Má bọ́ ọ o!"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Ojú Baba mú bí abẹ lọ́ọ̀ọ́kán. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ti ń wo akunlé tó ń fi ẹsẹ̀ wá igi àkàbà káàkiri. Ó ní ojo ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó rí i tó gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí kò sí nǹkan kan. Ó rí ìṣubú náà láti òkè délẹ̀, kedere.

Oṣù méjì kọjá kí akunlé tó padà wá. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un nílé ìwòsàn pé kò ní gòkè kọjá àyà mọ́. Kò bá ìjà wá, ìyẹn gan-an ló dunni jù.

"Bàbá, mo wọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ní kí n wọ̀ ọ́. Ṣé ojú mi ti kọjá ohun tí awò lè ràn lọ́wọ́ ni? Ọ̀gá mi ní tí mo bá ń ríran, ògiri ìsàlẹ̀ ṣì wà fún mi. Tí mi ò bá ríran, kí n máa lọ."

Baba yọ bébà akunlé lára ìṣó, ó gbé e sábẹ́ gílóòbù, ó nà án jìnnà. "Àròpọ̀ ni wọ́n kọ. Àròpọ̀ lókè fún ojú ọ̀tún, àròpọ̀ nísàlẹ̀ fún ti òsì."

Akunlé bọ́ awò, ó gba bébà, ó gbé e sún mọ́ imú.

"Bàbá, ìlà tó dúró yìí kọ́ ni dókítà kọ. Ojú ibi tí mo ti ká bébà ni, ọ̀dà ló wọ ibẹ̀. Èyí tó dùbúlẹ̀ nìkan ni tirẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Àbí ó ní ohun tí ìyẹn ṣe?"

Akunlé ò mọ̀. Baba lè dá a lóhùn bó ṣe wù ú. Irọ́ kan ti dúró sí ẹnu rẹ̀ digbí: dókítà ló jẹ̀bi. Ọmọ rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó ń wò ó. Baba wo apá ọkùnrin náà.

"Èmi ni mo ṣì í kà," ó ní. "Awò tó yẹ kó sún ìmọ́lẹ̀ dé ara ògiri ẹ̀yìn ojú rẹ, mo gé èyí tó tún fà á jìnnà síbẹ̀ fún ọ. Awò lásán lojú rẹ ń fẹ́, kò kọjá ìrànlọ́wọ́. Ojú tèmi ló ti gan, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀."

Akunlé dá bébà náà padà sọ́wọ́ Baba. Ì bá tiẹ̀ ti bú u, ì bá sàn fún Baba. Ọmọ Baba mú awò ìwé kan, èyí tí àwọn àgbàlagbà fi ń kàwé, nínú àpótí, ó fi sí bàbá rẹ̀ lójú, Baba ò sì janpata. Ó rí nọ́ńbà orí bébà, ó rí eruku inú ìlà ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gé awò tuntun, èyí tó fẹ́lẹ́ láàárín.

Akunlé gbé e sójú, ó jáde sẹ́nu ọ̀nà.

"Háà! Mo rí fèrèsé! Mo rí gbogbo ẹ̀!" Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ibì kan wà lábẹ́ òrùlé yẹn tí mi ò kùn dé. Ẹ wò ó, Bàbá."

Ó gbàgbé, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ dé àyà, ó dúró. Ó fi òsì tọ́ka.

Baba tẹ̀ lé e jáde, awò ìwé, alámì àròpọ̀ bíi èyí tó gé fún akunlé, ṣì wà lójú rẹ̀. Ó wo òdìkejì títì. Ilé náà ti dà bí ìkùukùu: kò rí òrùlé, kò rí ibi tí àkàbà fara ti. Báyìí ni ọkùnrin yìí ṣe gòkè fún ọjọ́ márùn-ún, nítorí pé òun ní kó má bọ́ ọ.

"Ẹ ti rí i?" akunlé bi í.

Omi ti lé sí Baba lójú. Kò bọ́ awò náà.

"Mi ò rí i," ó ní. "Mi ò rí nǹkan kan."