Ìyá Onílé Mi Fẹ́ Wà Nínú Ìtàn

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá onílé wa ní Ìsọlọ̀, ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ìwé ìtàn ni mò ń kọ, wọ́n ní, "Ó dáa, fi mí sí i." Mo rò pé eré ni. Nígbà tó yá, wọ́n tún béèrè. Mo bá jókòó, mo kọ ọ́ pé ìyá onílé kan wà, ó gbọ́n, onínúure ni, kì í gba ìgbàkugbà. Mo gbé e lọ bá wọn.

Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á tán.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi kẹ̀? Ibi ìsìnkú ni wọ́n ti máa ń ka irú èyí. Mi ò tíì kú."

Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, awakọ̀ tírélà kan tó ń wá ilé iṣẹ́ tó fẹ́ já ẹrù sí ṣìnà wọ àdúgbò wa. Níbi tó ti fẹ́ yí padà, ìdí tírélà wó igun fẹ́ǹsì wa. Kí n tó jáde, ìyá onílé ti débẹ̀, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ tírélà ti wà nínú àpò aṣọ wọn. Èdè Èkìtì ni wọ́n fi ń bú u, torí tínú bá ń bí wọn, Yorùbá Èkó kì í tó wọn lò. Ọkùnrin gìrìwò náà dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Dìde níbẹ̀! O ti jẹun?"

"Rárá, mà. Látàárọ̀."

"Abájọ! Ebi ló ń wa tírélà."

Wọ́n wọlé, wọ́n bu àsáró wá. Ọkùnrin náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wó, ó ń jẹun, ìyá onílé dúró tì í, wọ́n ń bú u lọ. Tó bá dáwọ́ dúró láti bẹ̀bẹ̀, wọ́n á ní, "Máa jẹun, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ ni." Ó jẹ ẹ́ tán, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n bọ́ sí àárín títì, wọ́n ń fi ṣíbí dá àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró títí tírélà fi fẹ̀yìn rìn jáde. Ní Sátidé, awakọ̀ náà mú bíríkìlà wá, wọ́n tún fẹ́ǹsì mọ.

Mo kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò kọ "onínúure" síbì kankan. Mo kàn jẹ́ kí wọ́n máa bú èèyàn, kí wọ́n sì máa bu oúnjẹ. Nígbà tí mo kà á fún wọn lọ́dẹ̀dẹ̀, bàbá onílé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìyàwó mi gan-an nìyí!"

Ìyá onílé ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba pépà lọ́wọ́ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá-sẹ́yìn.

"Ẹja ńkọ́?"

"Ẹja wo, mà?"

"Ẹja tí mo fi sórí àsáró. O wá kọ ọ́ bí ẹni pé mo gbé oúnjẹ lásán fún àlejò. Kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí, mò ń wò ẹ́."

Mo kọ ọ́. Wọ́n tún ní kí n fi kún un pé kì í ṣe ìrù.