Bàtà Màmá Ṣèyí Ṣì Wà Nínú Páálí

Abilékọ Ọmọ́fẹ́ Ikúbọlájẹ́, tí gbogbo àwa aláìlẹ́sẹ̀-tó-dá-a ń pè ní Màmá Ṣèyí, kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ní ọsibítù ìjọba kan lágbègbè Ring Road, nílùú Ìbàdàn wa níbí. Olóòtú wa ti bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ ọsibítù náà. Ó ní ayé sójà la wà, àwọn ọmọ òun sì kéré. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, tó rí ilé funfun kan tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa dábùú ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí oòrùn àti òjò ti na rìbọ́ọ̀nù náà títí tó fi ṣá, kò tún ní í bi mí léèrè.

Wọ́n ní egbò ẹsẹ̀ ló pa Màmá Ṣèyí. Lóòótọ́, egbò wà níbẹ̀. Àtọ̀gbẹ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó pa wọ́n gan-an ni ayẹyẹ kan tí kò wáyé. Bẹ́ẹ̀ ni, ayẹyẹ. Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé, ẹ má sì retí kí n sáré ọ̀rọ̀, nítorí èmi náà kò lè sáré mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé àárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wọ̀nyí. Lọ́dún 1994, ibà kì mí mọ́lẹ̀. Mo wọ́ ara mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan ní Agbowó. Ọkùnrin náà ka oògùn oníhóró fún mi, mo kọ̀ ọ́. Mo ní ibà tèmi kì í ṣe ibà oníhóró, abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, a kì í gbà pé wọ́n tọ́jú wa bí wọn kò bá gún wa nídìí. Ó bá gún mi. Ibà lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi náà sì bá a lọ. Abẹ́rẹ́ ti bá iṣan ìmọ̀lára tó gba inú ìdí sọ̀kalẹ̀ wá sí àtẹ́lẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni iwájú ẹsẹ̀ mi ti so wálẹ̀. Bí mo bá ń rìn, mo ní láti máa gbé orúnkún sókè bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà, níbi tí kò sí gọ́tà. Sílípáàsì kì í dúró níbẹ̀, bó bá sì bọ́, n kì í mọ̀. Mo ti rìn jìnnà dáadáa lọ́jọ́ kan kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó sáré bá mi látẹ̀yìn, tó ń pariwo pé, "Baba! One leg of your slippers dey back o!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Agbowó sì rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá dókítà. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, sà. Iṣan ìmọ̀lára kì í jinná kíákíá bí egbò. Díẹ̀díẹ̀ ló ń hù, bí irun." Mo fọwọ́ pa orí mi. Irun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti dágbére fún mi láti ìgbà tí náírà ti jẹ́ owó gidi.

Ohun tó burú nínú àìsàn yìí ni pé ojú kò rí i. Ẹsẹ̀ á máa jó mi bí ẹni tó tẹ ẹyín iná, lẹ́yìn náà á kú bí ẹsẹ̀ àga. Ìyàwó mi yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Ṣùgbọ́n kò mà wú." Àwọn ará ilé ní kí n lọ gbààwẹ̀, àwọn ará ọ́fíìsì ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Àgbà sọ pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Èmi ni adìyẹ náà, mo sì ń tiro.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará bẹ́ǹṣì ọjọ́rú ní ọsibítù yẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, obìnrin àgbà kan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé sún fún mi.

"Akọ̀wé, ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ wo ló ṣe yín?"

"Ọ̀tún ni, Màmá."

"Ẹ ṣoríire o. Ẹ ṣì ní òsì. Tèmi, àwọn méjèèjì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀."

Màmá Ṣèyí nìyẹn. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni wọ́n, Baṣọ̀run ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bodija ní oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán. Àtọ̀gbẹ ló ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Láti kókósẹ̀ wọn lọ sísàlẹ̀, wọn kì í mọ̀ bóyá ilẹ̀ tutù tàbí ó gbóná. Wọ́n ń bá òwe kan jà lórí ọ̀rọ̀ náà. "Wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ta ló pa irọ́ yẹn? Èmi wọ bàtà, n kò mọ nǹkan kan. Ẹni tí mo bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń mọ̀." Mọ́ṣúdù, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní Mọ́níyà, tí àtọ̀gbẹ bá ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà jà, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ilé funfun yẹn ni bẹ́ǹṣì wa kọjú sí. Olóyè Jẹ́jẹ́lọlá, oníṣòwò àgbà kan, ló kọ́ ọ fún irú wa. Ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ iṣan ìmọ̀lára wò sínú rẹ̀, ó sì ra bàtà páálí-páálí. Kì í ṣe bàtà oge. Ó fẹ̀, inú rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù, kò sí ìṣó kan nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n ṣe é fún. Àwa náà ń gba ojú fèrèsé wò ó. Màmá Ṣèyí ti yan tiwọn, aláwọ̀ kọfí, nínú páálí tó ṣí sílẹ̀ lápá òsì. Lọ́jọ́rú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ́kọ́ lọ yọjú wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀. Láti ìgbà Àjíǹde ọdún tó kọjá ló ti wà níbẹ̀, nítorí wọn kò tíì ṣí ilé náà. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu omi ẹ̀rọ tuntun tí ẹni ńlá kò bá tíì wá yí i fún ayé rí. Wọn kò gbọ́dọ̀ tọ́jú aláìsàn nínú ilé tí a kò tíì fi ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ méje ṣí. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ìṣílé. Ìgbìmọ̀ ní Olóyè wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó yá, wọ́n ní ara Olóyè kò yá. Lẹ́yìn náà, òjò ni, kò sí bí wọ́n ṣe lè ta àtíbàbà. Lẹ́yìn òjò, epo bẹntiróòlù wọ́n. Ìgbìmọ̀ kò jókòó lásán o. Wọ́n kó àwa aláìsàn jọ, wọ́n ní kí a máa kọ́ orin ìdúpẹ́, kí a sì máa jó díẹ̀. Èmi tí ń ṣubú bí mo bá fẹ́ wọ ṣòkòtò ni wọ́n ní kí n jó! Mo jó o. Mo jó títí sílípáàsì mi fi fò lọ bá mátíróònù. Màmá Ṣèyí ló ń lé orin náà, wọ́n sì ń kì wá wọ̀ bí ọmọ iléèwé bí a bá ṣì í kọ.

Ọjọ́ yẹn ni Màmá bẹ akọ̀wé ìgbìmọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà yẹn wò lásán. N ó bọ́ ọ padà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má kó bá wa. Bí àlejò pàtàkì bá dé tó bá ìdọ̀tí nínú bàtà, kí la fẹ́ wí?"

Màmá wọ sálúbàtà wọn lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ ra òwú ní Dùgbẹ̀. Ìṣó kan ti yọ orí nínú rẹ̀. Wọ́n fi rin gbogbo ọjà, wọ́n fi wọ ọkọ̀, wọ́n fi dé ilé, wọn kò mọ̀. Wọ́n rí ohun pupa ní pálọ̀, wọ́n rò pé tòmátì ló fọ́ nínú báàgì. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún wa lórí bẹ́ǹṣì: "Akọ̀wé, mò ń nu ilẹ̀, ilẹ̀ ń pọ́n sí i. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọ ọ̀dọ̀ tí n kò ní." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe, àwa ẹlẹ́sẹ̀. Bí a kò bá rẹ́rìn-ín, kí ni a fẹ́ ṣe?

Egbò náà kò gbọ́ ẹ̀rín. Ó jẹ wọ inú, ó dúdú, ó ń gòkè. Ní wọ́ọ̀dù, mo jókòó tì wọ́n, wọ́n ní kí n lọ bá wọn wo ojú fèrèsé. Mo lọ, mo padà wá sọ fún wọn pé bàtà náà ṣì wà. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun." Wọ́n kú kí dókítà tó rí àyè gé ẹsẹ̀ náà. Ó dùn mí. Ó dùn mí dé ibi tí abẹ́rẹ́ Agbowó kò dé.

Níbi ìsìnkú, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìṣílé wọ agbádá wá. Ó bá ọmọ wọn, Ṣèyífúnmi, kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló fà mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìpàdánù ńlá ni o. Ta ni kó máa bá wa lé orin náà báyìí?"

N kò lù ú. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ kan kì í dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀nà ilé Olóyè Jẹ́jẹ́lọlá ní Onírèké ni mo forí lé. Mo ti múra láti bú u. Mo bá a lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń gbọ́ rédíò. Kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò ṣàìsàn.

Ó ní, "Ilé wo ni ẹ ní wọn kò tíì ṣí? Mo rò pé ẹ ti ń lò ó."

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní àwọn ń dúró dè, Bàbá."

"Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ti kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Ṣé èmi ni n ó tún máa ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni?" Ó pa rédíò. "Irú ẹsẹ̀ yẹn ló pa ìyàwó mi. Ẹ lọ sọ fún wọn kí wọ́n ṣí i lónìí."

Mo padà lọ bá akọ̀wé ìgbìmọ̀. Mo ní Olóyè ti ní kí wọ́n ṣí i lónìí. Ó mi orí. Ó ní inú àwọn dùn láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Olóyè nìkan kò tó, ẹni tó ju Olóyè lọ ni ìgbìmọ̀ ń wá báyìí. Ó ní ètò ni ètò. Ta ló ṣe ètò náà? Ó ní alága ìgbìmọ̀ ni. Alága ní ìgbìmọ̀ ni. Mátíróònù rọra sọ fún mi lẹ́bàá ògiri pé, "Bàbá, ẹ má bínú, èmi náà ń tọ́mọ." Nítorí náà, kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Gbogbo wọn kàn ń wárí fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, títí obìnrin kan fi kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mò ń béèrè orúkọ. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé kí ilẹ̀kùn má ṣí? Ta ló purọ́ Lọ́ńdọ̀nù? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Kí ìgbìmọ̀ kọ orúkọ náà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí, kí ó sì wá sọ ọ́ lójú Ṣèyífúnmi. A kò nílò àtíbàbà.

Ẹ má sì pẹ́. Lọ́jọ́rú tó kọjá, Mọ́ṣúdù jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ ìtàn ọkọ̀ rẹ̀ kan tó kú sójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wolẹ̀, mo rí àfọ́kù ìgò tó ti wọnú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbà, mo fà á yọ. Mọ́ṣúdù ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti tàn ká orí símẹ́ńtì kí ó tó rí i. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bi mí pé, "Akọ̀wé, ta ló fara pa?"

Alága, ẹ̀yin ni mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí. Ẹ wá dá a lóhùn.