Ìrẹsì Tó Ń Bá Omi Ga

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì kà á níbì kankan, torí ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tá à ń dáko sétí odò Ọya lẹ́yìn àdúgbò Gadumo, ẹ mú ẹni tó mọ oko jù mí lọ wá.

Lọ́dún náà, kòkòrò ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n wọ ọ̀mùnú àgbàdo, wọ́n ń jẹ ẹ́ látinú bọ̀ síta. Mo po yanrìn odò mọ́ eérú, mo ń dà á sí ọ̀mùnú lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Kòkòrò kú. Àwọn tó ra oògùn wá ń bi mí pé kí ni mo lò.

Ìyàwó mi ní tiẹ̀ gbin ìrẹsì sí àbàtà nísàlẹ̀, irúgbìn àtijọ́ tí bàbá Nupé kan, apẹja, fún un. Mo ní eèsún ló gbìn.

Ni omi bá dé. Àgbàdo mi pọ́n, ó wó. Ẹ̀gẹ́ mi ń rà. Ìrẹsì yẹn nìkan ló kù tá a máa jẹ. Níbi tiwa, bómi bá ti ń bọ̀, ohun tọ́wọ́ bá bà là ń gé. Mo mú dòjé, mo bọ́ sínú ìrẹsì náà, mo ń gé e.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ ń gé?"

"Oúnjẹ ni mò ń gbà là."

"Èyí tí ò tíì ní hóró?"

Bàbá Nupé ń wa ọkọ̀ kọjá. Ó ní, "Ọ̀gá, ewúrẹ́ mélòó lẹ ń sìn?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó gba dòjé lọ́wọ́ mi. "Ẹ fi í sílẹ̀. Òun àtomi ti mọra."

Mo ri igi kan mọ́lẹ̀, mo fọ̀bẹ sàmì síbi tómi dé. Lọ́jọ́ kejì omi ti bo àmì, orí ìrẹsì ṣì wà lókè. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Omi ń ga, ìrẹsì ń ga, bí ẹní ń sáré ìje! Kòkòrò tó sá fómi gun orí ewé, lékeléke sì ń ṣa wọ́n jẹ níbẹ̀ bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ìyẹn, kì í ṣe ìyàwó mi.

Nígbà tó gbó, inú ọkọ̀ la jókòó sí kórè ìrẹsì náà. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn lónìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá.

Ohun tó ṣòfò nìyí: àgbàdo, ogójì ìlà. Ẹ̀gẹ́, ìlà mẹ́wàá. Ìrẹsì, ìlà mẹ́fà. Ti ìrẹsì yẹn kì í ṣe omi, dòjé mi ni.