Gúáfà Tí Wọ́n Fi Wá Tọrọ Mi

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé bàbá mi n'Íbà, lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ mi. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà yẹn, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi dòní!

Sàlámì tó fẹ́ fẹ́ mi, télọ̀ ni, ọmọ ìlú Ọjọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Rájí, ló ṣáájú òun àti ẹbí wá. Ta ni ò mọ Bàbá Rájí? Igi gúáfà tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, ààlè ni wọ́n so mọ́ ọn, àkísà pupa àti àjákù bàtà, kí ọmọ ilé má bàa fọwọ́ kàn án. Àní ọmọ ilé o! Èso á pọ́n títí á fi máa jábọ́, wọn ò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ.

Èso yìí náà ni wọ́n kó kún apẹ̀rẹ̀ ńlá, tí wọ́n fi ewé tútù bò, tí wọ́n wá gbé síwájú bàbá mi tìgbéraga-tìgbéraga. Bàbá mi ní kí n lọ fọ̀ ọ́, kí n gé e wá fún àlejò.

Mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo la àkọ́kọ́. Ìdin! Mo la èkejì. Ìdin! Wọ́n ń rìn kiri bí onílé. Mo rẹ ìyókù sínú omi iyọ̀ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, àfi bí wọ́n ṣe ń yọrí síta. Ẹ̀rù bà mí. Tí bàbá mi bá rí i, ṣé wọn ò ní lé gbogbo ẹbí ọkọ jáde? Mo sì fẹ́ràn Sàlámì, kí n má parọ́. Ni mo bá ń fi ọ̀bẹ gé ibi tó bàjẹ́ dà sínú igbá. Èyí tó ṣẹ́ kù kò kún abọ́ kékeré.

Mo gbé e wọlé, mo kúnlẹ̀. Bàbá Rájí wo abọ́, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní odindi apẹ̀rẹ̀ kan, ṣé èyí ló kù? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé wọ̀bìà làwọn wá tọrọ, pé n ó jẹ ilé ọkọ run!

Èmi? Wọ̀bìà? Lójú bàbá mi?

Mo padà sẹ́yìnkùlé, mo gbé igbá, mo rọra gbé e ka iwájú Bàbá Rájí. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ìyókù rèé. Mi ò jẹ nǹkan kan níbẹ̀."

Ìdin ń rìn nínú igbá.

Bàbá mi dìde, wọ́n ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn máa lọ. Sàlámì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi wá bi mí pé kí ni mo wí sí i.

Mo ní, "Bàbá, mo gba Sàlámì. Ṣùgbọ́n Bàbá Rájí kọ́ ni yóò tún ṣáájú wọn wá."

Ẹ̀gbọ́n ìyá Sàlámì obìnrin ló ṣáájú wọn wá lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ọ̀pẹ òyìnbó tó dùn bí oyin. Bàbá Rájí ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Ìyẹn náà, mo dúpẹ́!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tẹ́ ẹ bá fi háwọ́ sí ọmọ ilé, ìdin ni yóò bá yín jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ahun ẹbí ọkọ tiyín, kí ló sì gbé wá? Ẹ sọ ọ́ síbí, ká jọ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́!