Ẹ̀jẹ̀ Ọjọ́ Kọkànlélógún

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò wọ kóòtù funfun kan tí ọrùn rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. N kò ní sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nítorí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, èmi náà ṣì ń gbé nítòsí. Bí mo bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, òdì kejì títì ni mò ń gbà.

Nítorí ọmọ mi obìnrin ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà náà. Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí ni inú mi ti ń yí padà lóṣooṣù. Bó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí n rí nǹkan oṣù mi, màá kàn máa sunkún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí kí n fìbínú dá ẹni tó kí mi lóhùn. Bí nǹkan oṣù bá ti dé, ara á rọ̀ mí. Lọ́jọ́ kan, mo ju abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná mọ́ ògiri. Ọmọ náà, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, jókòó sí ìdí ògiri yẹn. Ọbẹ̀ kò kàn án. Mo ń sọ ọ́ nítorí àwọn kan ti ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti Òkè Bọ́lá dé, ó sì gbé ọmọ lọ.

"Ìyàwó, a ò ní máa wò ọ́ níran kó o pa ọmọ fún wa. Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò. Bó o bá mú ìwé wá pé ara ẹ pé, wàá gba ọmọ ẹ."

Obìnrin yìí, bí wọ́n bá tẹ òǹtẹ̀ sára ìwé tí wọ́n fi di àkàrà, yóò gbà á gbọ́. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bíi pé bàtà náà ló fẹ́ sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ oníkóòtù nìyẹn.

"Họ́mónù ni, Mọ́mì. Họ́mónù ló ń da ẹ̀yin obìnrin láàmú. Ẹ wá lọ́jọ́ kọkànlélógún nǹkan oṣù yín, kí n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ yìí á sọ gbogbo ohun tó ń ṣe yín, títí kan ohun tẹ́ ẹ rò lánàá." Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Bẹ́yẹrúnkà, obìnrin kì í ka ọjọ́ tí kò lè kírun. Ìyá àgbà tó tọ́ wa máa ń sọ pé àwọn ọjọ́ yẹn kì í ṣe tẹni. Àárọ̀ tó o bá wẹ ìwẹ̀ ìmọ́ra, tó o sì padà sórí ẹní ìkírun, ni oṣù rẹ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń kà á. Nítorí náà, mo ka ọjọ́ mọ́kànlélógún láti ọjọ́ ìwẹ̀, mo sì lọ. Ọkùnrin náà fa ẹ̀jẹ̀, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kejì gan-an ni nǹkan oṣù mi dé.

Nígbà tí mo lọ gba èsì, ó mi orí. "Ẹyin yín ti tán, Mọ́mì. Ilé ọmọ ti ti ilẹ̀kùn. Òun ló ń gun orí yín." Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ kan, ó sì fa oògùn yọ lábẹ́ tábìlì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ka ìwé náà sókè láàárín agbo ilé. "Ẹ wò ó! Ẹyin ti tán! Ẹni tẹ́yin ẹ̀ ti tán, kín ló fẹ́ fi ọmọ ṣe?" Ó ká ìwé náà sínú àpò rẹ̀.

Èmi òmùgọ̀ ń lo oògùn, nítorí mo fẹ́ ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ kò dá mọ́. Ó dà fún ọjọ́ mọ́kànlá, títí wọ́n fi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan lápá Yemetu, tí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí mi lára. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń sọ fún èkejì pé, "Ètè ẹ̀ ti funfun." Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn.

Dókítà àgbàlagbà obìnrin ló tọ́jú mi. Ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?"

"Ọjọ́ tí mo wẹ̀, mà."

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ wẹ̀ kẹ̀?" Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà nígbà tí nǹkan oṣù ku ọ̀la kò lè fi hàn bóyá ẹyin jáde. Ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ yín ò bi yín ni?"

Nígbà tí ara mi mókun, wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ọjọ́ tó yẹ. Kò sí àléébù kankan. Ẹyin ṣì ń jáde. Mo bi dókítà bóyá ara mi ti dá nìyẹn.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín kì í ṣe irọ́, ó sì ní oògùn, àmọ́ kì í hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ máa kọ bí inú yín ṣe rí sínú ẹ̀ lójoojúmọ́, fún oṣù méjì."

Mo fi èsì kejì han ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Inú rẹ̀ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Kò sí nǹkan kan? Á jẹ́ pé ìwà ni! Ìkà lásán ni ẹ́!"

Ọjọ́ yẹn ni mo kórìíra òǹtẹ̀ àti àwọn tí ń kúnlẹ̀ fún un. Mo kọ ìwé mi fún oṣù méjì, dókítà kà á, ó sì fún mi ní oògùn tí mo ń lò. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀sẹ̀ burúkú ti kọjá láìsí ariwo, mo wọkọ̀ lọ sí Òkè Bọ́lá.

"Ìwé dà?"

"Kò sí ìwé, mà." Mo ti pọn ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún mi.

"Màá pe ọkọ ẹ báyìí!"

"Àbúrò yín náà ni. Ẹ bá mi kí i."

Mo ń bojú wẹ̀yìn títí mo fi délé. N kò mọ̀ bóyá òun ni mò ń bẹ̀rù, tàbí ara mi. Kí n tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti bá ìyá tó ń gbé yàrá kejì sọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí inú mi bá tún yí padà, tí mo sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, kí ó má bi mí ní ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kan ilẹ̀kùn náà lọ́dún yẹn. Ó gbà á lẹ́ẹ̀mejèèjì.